Ta ló ń kó histone àtijọ́ lọ nígbà tí DNA bá di méjì?

Ìbéèrè: "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún kẹta ni mo wà nínú ẹ̀kọ́ biochemistry níbí ní Ìlọrin. Olùkọ́ wa sọ pé kí DNA tó lè di méjì, gbogbo histone, àwọn purotéènì tí DNA ń yí mọ́, tó wà lára rẹ̀ á kọ́kọ́ já bọ́, sẹ́ẹ̀lì á wá ṣe tuntun rọ́pò wọn. Ẹ̀gbọ́n mi tó ti jáde nínú irú ẹ̀kọ́ yìí ní irọ́ ni, pé ńṣe ni histone àtijọ́ ń bá okùn kan lọ, tuntun á bá okùn kejì. Ọ̀rẹ́ mi náà ní kò rí bẹ́ẹ̀, ó ní ńṣe ni wọ́n ń la kókó histone sí méjì, kí DNA kọ̀ọ̀kan mú ìdajì. Ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Èwo ni kí n kọ?"

* * *

Àbúrò, má kọ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ́ẹ̀. Kálukú wọn ló ní ibi tó ti tọ̀nà, kò sì sí èyí tó tọ̀nà délẹ̀.

Histone mẹ́jọ ló ń para pọ̀ di kókó kan: H2A méjì, H2B méjì, H3 méjì, H4 méjì. DNA á wá yí kókó yìí po ní ìgbà kan àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Lẹ́tà DNA 147 ló ń gbà á. Òun là ń pè ní nucleosome. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń ṣe àdàkọ DNA bá dé ibẹ̀, kókó náà á tú. H3 méjì àti H4 méjì sábà máa ń dúró pa pọ̀ ní mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ á sì gbá wọn mú, á gbé wọn lé orí ọ̀kan nínú DNA tuntun méjèèjì. Àwọn kan á bọ́ sí apá ọ̀tún, àwọn kan á bọ́ sí apá òsì, bó ṣe bá bọ́ sí. H2A àti H2B ní tiwọn kò lẹ́ni tí wọ́n ń dúró tì. Wọ́n ń kúrò, wọ́n ń padà, àtijọ́ ń dà pọ̀ mọ́ tuntun. Níwọ̀n ìgbà tí DNA sì ti di ìlọ́po méjì, àtijọ́ ò lè kárí, tuntun á wá dí ibi tó ṣófo.

Ìdáhùn gan-an nìyẹn. Èyí tó kù nísàlẹ̀ yìí wà fún ẹni tó bá fẹ́ jà.

* * *

Ẹnìkan ti fẹ́ ẹ jà. Ó ní: "Ṣebí DNA ni ogún, kí ni tiwa nínú ohun tí wọ́n fi dì í?"

Tí a bá na DNA inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kan ṣoṣo gbọọrọ, á tó mítà 2. Nucleus, yàrá inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé, kò sì fẹ̀ ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà. Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn ahunṣọ òfì nílùú yìí mọ ohun tí òwú gígùn máa ń fojú ẹni rí tí wọn ò bá ká a mọ́ nǹkan. Lẹ́tà DNA yìí tó bílíọ̀nù 6, nucleosome tó wà lórí rẹ̀ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 30. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín, mílíọ̀nù 30 yìí ní láti tú, nǹkan bíi mílíọ̀nù 60 ní láti dìde, láàárín nǹkan bíi wákàtí 8, iṣẹ́ mìíràn ò sì gbọdọ̀ dúró nínú sẹ́ẹ̀lì. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn, kì í ṣe "ohun tí wọ́n fi dì í" lásán.

Tún wo ohun tó lẹ̀ wọ́n pọ̀. Phosphate ara DNA gbé iná negative, lysine àti arginine, amino acid méjì tó pọ̀ lára histone, gbé positive. Tí àwọn méjèèjì bá ti fojú kanra, wọ́n lẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, ìgbàkígbà tí ẹ bá gbọ́ pé histone "já bọ́", ẹ bi ẹni náà pé ó já bọ́ síbo. Histone tó ń rìn kiri láìsí alábòójútó á lẹ̀ mọ́ RNA, á lẹ̀ mọ́ DNA ibòmíràn, á da gbogbo ilé rú. Ìdí nìyí tí àwọn purotéènì mìíràn fi máa ń mú histone lọ́wọ́ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é títí dé orí DNA. Histone chaperone ni wọ́n ń pe àwọn amúnilọ́wọ́ yìí. Ohun tí ìwé àtijọ́ ò sọ tó, ibẹ̀ ni.

Kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ àná o. Lọ́dún 1884 ni Albrecht Kossel, ará Jámánì, ti yọ histone jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ goose. Roger Kornberg ló sọ ọ́ lọ́dún 1974 pé mẹ́jọ-mẹ́jọ ni wọ́n ń jókòó. Nígbà tó di 1997, Karolin Luger, Timothy Richmond àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Zurich gbé àwòrán rẹ̀ jáde kedere, débi pé a rí bí DNA ṣe gba ẹ̀gbẹ́ histone kọ̀ọ̀kan kọjá.

* * *

Mo rí i pé ọ̀pọ̀ yín ló gbè sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n àbúrò wa yìí: àtijọ́ sápá kan, tuntun sápá kejì. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ rárá. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, àwọn tó mọ iṣẹ́ dáadáa ló ń sọ ọ́.

Wọ́n fún sẹ́ẹ̀lì ní oògùn cycloheximide, èyí tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ṣe purotéènì tuntun. Àdàkọ DNA ṣì ń rá lọ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí histone tuntun tó ń wọlé. Nígbà tí wọ́n yẹ DNA tuntun náà wò, ó jọ pé apá kan ló rí histone bò ó, apá kejì wà níhòòhò. Ẹjọ́ tí mo ní sí i ni pé sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti fún lọ́rùn kì í ṣe bíi sẹ́ẹ̀lì tó ń mí. Lọ́dún 1986, àwọn kan fi electron microscope wo DNA fáírọ́ọ̀sì SV40 níbi tó ti ń ṣe àdàkọ lọ́wọ́, láìfi irú oògùn bẹ́ẹ̀ dá a dúró. Nucleosome wà ní apá méjèèjì.

Ti ọ̀rẹ́ rẹ tó ní wọ́n ń là á sí méjì, mo mọ ibi tó ti wá. Meselson àti Stahl fi hàn lọ́dún 1958 pé DNA tuntun kọ̀ọ̀kan ń gba okùn àtijọ́ kan àti okùn tuntun kan. Ó wá ń wu gbogbo ayé pé kí histone náà ṣe bẹ́ẹ̀: H3 kan àtijọ́, H3 kan tuntun, kí ẹ̀dà nucleosome náà lè dọ́gba. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2010, àwọn kan ní Beijing fún sẹ́ẹ̀lì ènìyàn ní amino acid tó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí histone tuntun lè dá yàtọ̀ sí àtijọ́ lórí ìwọ̀n. H3.1, irú H3 tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe fún àdàkọ, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ pín rárá. Mẹ́rin tó wọlé pọ̀ ló ń jáde pọ̀. H3.3, irú èyí tí wọ́n ń lò láti fi dí àlàfo lásìkò mìíràn, díẹ̀ lára rẹ̀ máa ń là.

Nítorí náà tí ọ̀rẹ́ rẹ bá ní "díẹ̀ ń là", gbà fún un. Tó bá ní gbogbo rẹ̀ ni, má gbà.

* * *

"Ẹ̀rọ náà á gbá wọn mú," ni mo sọ lókè. Ẹnìkan ní kí n má fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán tàn wọ́n, ta ni ẹ̀rọ náà, ọwọ́ wo ló fi ń gbá wọn mú?

Ó bi í dáadáa. Níwájú pátápátá ni òrùka MCM wà, purotéènì mẹ́fà tó tò yíká tó ń la okùn méjèèjì DNA níyà. Ọ̀kan nínú wọn, MCM2, ní ìrù kan tó nà jáde, ìrù yìí sì mọ H3 àti H4 í dì mú. Lẹ́yìn òrùka yìí ni àwọn tó ń kọ okùn tuntun wà. Polymerase epsilon ló wà lórí okùn tó ń lọ geere, èyí tí ìwé ń pè ní leading. Òun náà ní purotéènì kéékèèké méjì lára, POLE3 àti POLE4, tó mọ H3 àti H4 í gbà.

Lọ́dún 2018 ni wọ́n ka èyí pa. Ẹgbẹ́ Anja Groth ní Copenhagen ba ibi tí MCM2 fi ń di histone mú jẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì eku. Histone àtijọ́ wá ń wọ́ lọ sórí okùn leading, èyí tó ń bọ́ sórí lagging, okùn kejì, ń dín kù. Ẹgbẹ́ Zhiguo Zhang ní New York ṣe òdìkejì rẹ̀ nínú yeast: wọ́n yọ Dpb3 àti Dpb4, tó jẹ́ irú POLE3 àti POLE4 ti yeast, àtijọ́ sì ń wọ́ lọ sórí lagging. Ẹ wò ó dáadáa. Ọwọ́ kan ń gbé e sápá leading, ọwọ́ kejì ń gbé e sápá lagging, tí a bá gé ọ̀kan, ìkejì á máa kó èyí tó pọ̀ jù. Èmi ò mọ àyẹ̀wò kankan lórí ọ̀rọ̀ yìí tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

* * *

Histone tuntun ńkọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Málété ní òun rò pé sẹ́ẹ̀lì máa ń ṣe é pamọ́ ni, kí ó lè wà nílẹ̀ dìgbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀.

Ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ tí wọ́n ń pè ní Xenopus máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, torí ó fẹ́ pín kíákíá lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn tí wọ́n bá sọ ọ́ dọlẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ara wa kì í ṣe é. Histone tó pọ̀ ju DNA lọ jẹ́ májèlé fún un. Ìgbà tí àdàkọ bá bẹ̀rẹ̀ ni mRNA histone, ìyẹn ẹ̀dà gene tí sẹ́ẹ̀lì ń kà láti fi ṣe histone, á pọ̀, tí àdàkọ bá parí tàbí tí nǹkan bá dí i lọ́nà, mRNA náà á run kíákíá. mRNA yìí sì ní àbùdá kan tó ti fi àwọn ọmọ láàbù ṣe yẹ̀yẹ́ rí: kò ní ìrù poly(A), ìyẹn lẹ́tà A tó tò lọ rẹrẹ ní ìparí ọ̀pọ̀ mRNA. Tí o bá fi oligo-dT, tó ń di ìrù yìí mú, yọ mRNA rẹ, tí o wá ń wá histone H3.1 nínú rẹ̀, ibi tí kò sí lò ń wá a. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé bú ẹni tó ta kit fún yín.

H4 tuntun máa ń wọlé pẹ̀lú àmì kékeré kan, acetyl, lórí lysine 5 àti lysine 12. ASF1, ọ̀kan nínú àwọn amúnilọ́wọ́, ló ń mú H3 àti H4 lọ́wọ́, tó ń fà wọ́n fún amúnilọ́wọ́ mìíràn, CAF-1. CAF-1 sì ń di òrùka PCNA mú, òrùka tó ń bá polymerase sáré lórí DNA, ìyẹn ni kì í jẹ́ kó ṣìnà. Susan Smith àti Bruce Stillman ló kéde CAF-1 lọ́dún 1989 ní Cold Spring Harbor. Kí DNA tuntun tó rìn jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń là á, histone ti gorí rẹ̀. Kò sí ìgbà tó wà níhòòhò pẹ́.

Ẹ̀rí kan wà tí mo fẹ́ràn. Okùn lagging, gígé-gígé ni wọ́n ń kọ ọ́, àwọn gígé náà ni Okazaki fragment. Ti bakitéríà E. coli gùn tó lẹ́tà 1000 sí 2000. Tiwa kéré púpọ̀ sí i, ó tó nǹkan bí 200 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀. Duncan Smith àti Iestyn Whitehouse fi yeast hàn lọ́dún 2012 pé gígùn gígé yìí ń bá ìlà nucleosome mu. Ìyẹn ni pé nucleosome tuntun ti jókòó kí wọ́n tó parí gígé tó tẹ̀ lé e, òun gan-an ló sì ń sọ fún polymerase pé ó tó gẹ́ẹ́.

* * *

Olùkọ́ girama kan láti Ọ̀fà dá sí i: "Ó yé mi, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n histone ni histone. Kí ló dé tí ẹ fi ń jà lórí pé àtijọ́ lọ síbí, tuntun lọ sọ́hùn-ún?"

Alàgbà, histone kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìrù H3 àti H4 máa ń gba àmì. Methyl jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Tí wọ́n bá fi mẹ́ta rẹ̀ sí lysine 27 lára H3, gene tó wà níbẹ̀ máa ń wà ní títì. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ àti sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ní DNA kan náà, irú àmì báyìí wà lára ohun tó jẹ́ kí kálukú mọ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí DNA bá di méjì, àmì náà di ìdajì ní apá kọ̀ọ̀kan, torí pé ìdajì histone tó wà níbẹ̀ jẹ́ tuntun tí wọn ò tíì kọ nǹkan sí. Purotéènì tó ń jẹ́ PRC2 á wá ka èyí tó wà lára àtijọ́, á kọ irú rẹ̀ sára tuntun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí gbogbo àtijọ́ bá lọ sápá kan, kí ni PRC2 máa rí kà lápá kejì? Ìdí nìyí tí a fi ń jà. Sẹ́ẹ̀lì eku tí wọ́n ba MCM2 rẹ̀ jẹ́ lọ́nà tí mo sọ yìí kì í kú lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣòro fún un láti di irú sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó dà.

Kì í ṣe bákan náà ni gbogbo àmì ṣe ń yá. Acetyl ń padà sípò wéré. Methyl mẹ́ta lórí lysine 9 àti 27 ń fà á, ó lè ré kọjá ìpín sẹ́ẹ̀lì kan.

Ibi tí àwọn onímọ̀ fúnra wọn ò tíì fẹnu kò sí ni pé ṣé histone àtijọ́ ń padà síbi tó ti wá gan-an. Copenhagen lọ́dún 2018 ní bẹ́ẹ̀ ni, yálà gene náà ṣí tàbí ó tì. Ẹgbẹ́ Danny Reinberg ní New York lọ́dún 2019 ní ti ibi títì ló ń padà, ti ibi ṣíṣí ń fọ́n káàkiri. Èmi ń gbè sẹ́yìn ti 2019 díẹ̀. Gene tó ṣí ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, iṣẹ́ náà á tún àmì rẹ̀ kọ, kò nílò ogún. Ẹni tó bá fẹ́ ta kò mí lórí èyí, kó máa bọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má gbé ọ̀rọ̀ WhatsApp yẹn wá fún mi o, èyí tó ní ìyà tí bàbá-ńlá wa jẹ ló wà lára histone wa tí owó ò fi dúró lọ́wọ́ wa. Nínú àtọ̀ ọkùnrin, èyí tó pọ̀ jù nínú histone ni wọ́n ti yọ kúrò tí wọ́n fi protamine, purotéènì mìíràn tó ń di DNA, rọ́pò. Díẹ̀ ló ṣẹ́kù. Lẹ́yìn tí ọmọ bá dúró, wọ́n á tún yọ protamine, wọ́n á fi histone ìyá dí i. Àmì wo ni wọ́n wá ń gbé kiri láti ìran kẹta?

* * *

Ìyá kan láti Òmù-Àrán bọ́ sí i: "Ọmọ mi ní fòníkú-fọ̀ladìde, dókítà kọ hydroxyurea fún un. Mo kà á lókè níbí pé tí nǹkan bá dí àdàkọ DNA lọ́nà, ọ̀rọ̀ histone á dàrú. Ṣé kí n dá a dúró ni?"

Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má dá a dúró nítorí ohun tí ẹ kà níbí. Òótọ́ ni pé hydroxyurea ń fa àdàkọ DNA sẹ́yìn. Ó ń dí ribonucleotide reductase lọ́wọ́, ìyẹn ẹ́ńsáìmù tó ń pèsè ohun tí wọ́n fi ń kọ DNA. Ṣùgbọ́n mo sọ pé mRNA histone máa ń run nígbà tí àdàkọ bá dúró. Ìyẹn gan-an ni sẹ́ẹ̀lì fi ń tọ́jú ara rẹ̀ kí histone má baà kún ju bó ṣe yẹ lọ. Kò dàrú, mà. Àǹfààní tí ọmọ yín ń rí ni pé oògùn náà ń mú kí haemoglobin irú ti ọmọ inú pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ìyẹn kì í sì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì pupa tètè tẹ̀ kọdọrọ. Lọ́dún 1998 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà fún àgbàlagbà tó ní àrùn yìí.

Ohun tó yẹ kí ẹ máa lé dókítà sí ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ léraléra, torí ó lè mú kí sẹ́ẹ̀lì funfun dín kù. Ẹni tó sì kọ lábẹ́ ìbéèrè yín pé "oògùn jẹjẹrẹ ni, ẹ sá fún un" kò sọ gbogbo òótọ́. Wọ́n ń lò ó fún irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan lóòótọ́. Ìyẹn ò sọ pé kò yẹ ọmọ yín.

* * *

Onílàábù kan ní: "Gbogbo èyí dára, àmọ́ àwọn ọmọ wa ò ní fojú rí histone láéláé. Owó antibody nìkan á lé wọn sílé."

Mi ò gbà. Ẹ̀jẹ̀ adìẹ tó. Sẹ́ẹ̀lì pupa ti ènìyàn kò ní nucleus, ti adìẹ ní, ìyẹn ló jẹ́ kí ó rọrùn fún Kossel láti rí histone nínú ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ láyé ìgbà náà.

Ìpatà ni mo ti gba tèmi. Mo gbé ìgò tí mo ti da sodium citrate sí nísàlẹ̀ lọ, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì. Ọkùnrin tó ń pa adìẹ wo ìgò, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Àlùfáà, kí lẹ fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ ṣe?" Kí n tó lanu, obìnrin tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti dìde dúró. Káàdì ibi iṣẹ́ mi ló gbà mí. Ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá, ó yẹ̀ ẹ́ wò sẹ́yìn, ó wá ṣe Bismillah, ó dúńbú adìẹ, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ darí ìgò sí ọrùn rẹ̀. Owó adìẹ ni mo san, ẹran náà sì di ti wa lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ẹ gbé ìgò sínú yìnyín lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi omi iyọ̀ tútù fọ sẹ́ẹ̀lì, ẹ fi centrifuge yí i, ẹ da omi orí rẹ̀ nù. Ẹ fi Triton, irú ọṣẹ kan, díẹ̀ fọ́ ara sẹ́ẹ̀lì kí nucleus lè ṣẹ́kù, ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ wá da sulphuric acid 0.2 M tó tutù sí i, kó sùn inú òtútù di ọjọ́ kejì. DNA á jókòó sísàlẹ̀, histone á wà nínú omi òkè, torí histone kì í bẹ̀rù ásíìdì. Tí ẹ bá da acetone tútù sí omi yìí, á funfun lójú yín báyìí, bẹ́ẹ̀ ni á ṣe máa rọ̀ wálẹ̀. Lórí gel, H4 ló ń lọ jìnnà jù, H3, H2B àti H2A wà lókè rẹ̀, ìlà mìíràn tó nípọn á sì wà lókè pátápátá. H5 wà níbẹ̀, ti sẹ́ẹ̀lì pupa ẹyẹ ni, ẹ ò ní rí i lára ènìyàn.

Iná ni ọ̀tá. Nílé-ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ran àwọn ọmọ lọ́wọ́, iná lọ lóru, ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ jẹnẹrétọ̀ ti lọ sílé, yìnyín yọ́. Gel wọn ọjọ́ kejì kò ní ìlà kankan, ó kàn fẹ̀ bẹẹrẹ ni. Láti ìgbà náà, kúlà tó kún fún yìnyín pure water ni mo ń gbẹ́kẹ̀ lé, èmi ò gba fìríìjì ẹnikẹ́ni gbọ́.

* * *

Ìjà tó kàn wá dé, onílàábù wa náà ló mú un wá. Ó ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ẹ̀jẹ̀ adìẹ ṣe project lórí ìhùwàsí histone nígbà àdàkọ DNA. Ó tiẹ̀ ní àkòrí nílẹ̀, ipa omi ewúro lórí rẹ̀.

Rárá o. Sẹ́ẹ̀lì pupa adìẹ tó ti dàgbà kì í pín mọ́. Kò sí àdàkọ nínú rẹ̀, H5 ti dì í pa. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀, báwo ni ewúro ṣe máa nípa lórí rẹ̀? Gbòǹgbò àlùbọ́sà tí wọ́n máa ń gbé wá lẹ́yìn náà ń pín lóòótọ́, ṣùgbọ́n chromosome tó ti kí pọ̀ ni wọ́n ń fi hàn yín lábẹ́ microscope, àdàkọ ti parí nígbà yẹn. Tí olùdarí iṣẹ́ yín bá tẹnu mọ́ irú àkòrí bẹ́ẹ̀, ẹ bi í tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀ pé kí ni a máa wọ̀n.

Èyí tó ṣeé ṣe nìyí. Ẹ mú nucleus adìẹ yẹn, ẹ fi micrococcal nuclease sí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ yọ DNA rẹ̀, ẹ sá a lórí gel agarose. Nuclease yìí ń gé ibi tí histone ò bò, kì í tètè rí ibi tí ó bò gé. DNA á wá tò bí àkàsọ̀, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan á jìnnà síra ní nǹkan bíi lẹ́tà 200. Àwọn ọmọ á fojú ara wọn rí i pé nucleosome wà. Ẹ pa àkókò tí nuclease fi ṣiṣẹ́ dà, ẹ ya àwòrán rẹ̀, project ti dé. Tí ilé-ẹ̀kọ́ yín bá ní owó, ẹ lọ sí yeast, ìyẹn ń pín, ẹ lè bá àdàkọ níbẹ̀.

* * *

Àbúrò tó bèèrè ti padà: "Mo ti kà á tán. Ẹ kọ ọ́ fún mi bó ṣe yẹ nínú ìwé ìdánwò. Kí sì ni ti H1?"

Kọ ọ́ báyìí: nucleosome ń tú níwájú ibi tí wọ́n ti ń la DNA, H3 àti H4 àtijọ́ ń lọ ní mẹ́rin-mẹ́rin sórí DNA tuntun méjèèjì, MCM2 àti polymerase epsilon wà lára àwọn tó ń pín wọn, H2A àti H2B àtijọ́ ń dà pọ̀ mọ́ tuntun, CAF-1 ń gbé H3 àti H4 tuntun wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ PCNA, àmì ara àtijọ́ ni wọ́n ń wò kọ ti tuntun. Tí olùkọ́ rẹ bá ní òun ò kọ́ yín bẹ́ẹ̀, lọ bá a ní ọ́fíìsì lẹ́yìn kíláàsì, má dá a lóhùn níwájú ẹgbẹ́ rẹ.

H1 kò sí nínú mẹ́jọ yẹn. Ẹnu ọ̀nà tí DNA ń gbà wọ nucleosome tó sì ń gbà jáde ló ń jókòó sí. Ó máa ń kúrò kí àdàkọ tó dé, ó sì wà lára àwọn tó ń padà kẹ́yìn, lẹ́yìn tí mẹ́jọ bá ti pé. Kódà nígbà tí kò sí àdàkọ, kì í dúró lójú kan, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ á ti ṣí lọ sórí nucleosome mìíràn. Gbólóhùn kan péré lórí rẹ̀ ti tó nínú ìdáhùn rẹ, àyàfi tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ nínú ìbéèrè.